Ṣé eré ìdárayá ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rá bí ìwọ̀n ara kò tiẹ̀ dín?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń lo oògùn rẹ̀. Èmi ń rìn kíákíá láràárọ̀, àmọ́ ìwọ̀n mi kò yẹ̀ rárá.

Mo wá ka ìwádìí kan tí Yunifásítì Lund ní Swídìn gbé jáde ní 2013. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe eré ìdárayá máa wa kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, kí wọ́n sì máa ṣe aerobics (eré ìdárayá tí wọ́n ń fi orin ṣe), fún oṣù 6. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rá wọn wò, àwọn àmì kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ DNA (èròjà àbùdá tá a jogún), tó lè mú kí jíìnì (ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àbùdá náà) ṣiṣẹ́ tàbí kó dákẹ́, ti yí padà lára jíìnì tó lé ní 7,000. (Jíìnì fúnra rẹ̀ kò yí padà o.) Àwọn kan nínú wọn jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ. Bẹ́ẹ̀, tá a bá pín in dọ́gba, àwọn ọkùnrin náà kì í yọjú síbi eré náà tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀!

Ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ wà nídìílé yín, ṣé àyẹ̀wò ṣúgà yín dára sí i láìjẹ́ pé ẹ fọn? Ṣé kí n fi irin gbígbé kún un, àbí ìrìn nìkan tó? Ẹ̀yin olóògùn ìfọnra, ẹ má dá mi lóhùn.