Ẹ gbà mí o: SSD wo ló máa wọ láptọ́ọ̀pù mi?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù mi, mo lè ro ẹ̀bà tán kó tó jí. Wọ́n ní SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju dísìkì tó ń yí lọ, ni kí n rà sí i. Mo délé ọjà, mo bá SATA, NVMe, M.2, 2230, 2280. Ojú mi ṣú. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ dákun!

Ìyá Ìbejì, Toronto: Àbúrò, má tíì sanwó! Tú ìdí rẹ̀ wò ná. Mo ra M.2, SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ihò, lọ́jọ́ kan, ó wọ ihò wẹ́kú, mo dé e pa. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni SATA àti NVMe. SATA ni mo rà, NVMe nìkan ni ihò yẹn ń gbà. Mo ti ya ọ̀rá rẹ̀, wọn ò gbà á padà. Owó ńlá lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìkòròdú, London: Ẹni tó tà á fún yín ló jẹ̀bi. Ó yẹ kó bi yín léèrè.

Ìyá Ìbejì: Ó kọ SATA síbẹ̀, Bàbá. M.2 tí mo rí ni mo dì mú.

Ọmọ Àgbádárìgì, Houston: Ẹ wo ẹnu góòlù rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé lójú méjì, SATA ni. Ojú kan, NVMe.

Bàbá Ìkòròdú: Rárá o! NVMe olójú méjì wà, mo ti fọwọ́ kàn án. Ojú gígé ò tó gbọ́kàn lé. Kó fi nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. 2280 túmọ̀ sí mílímítà 22 ní ìbú, 80 ní gígùn; tó bá jẹ́ àyè 2230 ló ní, kò ní gbà á. Tó bá sì jẹ́ dísìkì tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, SATA oníínṣì 2.5 ni kó rà. Bíi mẹ́gábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni SATA mọ, ó sì tó o yó.

Ìyá Ìbejì: Windows lè ti fi BitLocker ti dísìkì rẹ̀ pa. Kó wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, oní-nọ́ńbà 48, kó tó tú nǹkan kan o. Láìsí i, iṣẹ́ rẹ̀ lè há sínú dísìkì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Mo ti tú u. Ihò kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Fọ́tò rẹ̀ nìyí.

Ọmọ Àgbádárìgì: Ó ṣókùnkùn. Àbí ẹja yíyan lo yà fún wa?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ má fi ẹja wa ṣeré! Ẹni tí ò dé ọjà Olúwo rí, kí ló mọ̀ nípa ẹja?

Bàbá Ìkòròdú: Ìkọ́kọrẹ́ Ìkòròdú ló ń gbé ẹja yín níyì.

Ọmọ Àgbádárìgì: Ẹ fi gààrí tútù àti àgbọn wa sílẹ̀ lẹ ń sọ ìkọ́kọrẹ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ti dá mi lágara. Yìnyín bo ẹnu ọ̀nà wa, ìkọ́kọrẹ́ lẹ wá ń dárúkọ. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ewùrà?

Bàbá Ìkòròdú: Ẹ kó wá sí London. Ó kún Peckham.

Ìyá Ìbejì: Toronto náà ń tà á, Bàbá, owó rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù!

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè fi ewùrà yẹn ránṣẹ́ sí Dublin?