Àwọn ọmọ tó ń ju bángà ládùúgbò wa, kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ọmọkùnrin kan ń ju bángà sábẹ́ ọ̀kadà ní Ayétòrò níbí. Lánàá, ọ̀kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń ta bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì; ìyá náà sá, bàtà rẹ̀ kan ló kù nílẹ̀. Èmi náà jù ú ní kékeré, mi ò ní purọ́, àmọ́ tiwa ò dún bí ìbọn báyìí. Mo bá wọn wí, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ọdún là ń ṣe." Ṣé kí n lọ bá baálẹ̀ ni, àbí àgọ́ ọlọ́pàá? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. Ta ló ti pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì yẹn, níbí rí? Ṣé wọ́n gbé e?