Èsì: Lẹ́ǹsì kì í gùn sí i, "agéwòrán" kì í sì í gé nǹkan

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún wa: "kámẹ́rà ẹ̀kúnrẹ́rẹ́" fún full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tóbi), "kámẹ́rà agéwòrán" fún crop (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré), àti "ìlọ́po gígùn" fún 1.5 tàbí 1.6, iye ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ ńlá fi fẹ̀ ju kékeré lọ, tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ayàwòrán. Wọ́n ní bí a bá gbé lẹ́ǹsì ńlá àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun sórí kámẹ́rà agéwòrán, ó dà bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀, àti pé lẹ́ǹsì náà á gùn sí i, 50mm á di 75mm (bí nọ́ńbà mm lẹ́ǹsì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń rí ṣe ń dín tó, tí ohun tó jìnnà sì ń tóbi). Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mo fẹ́ takò yín. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ tí a bá dá máa kọ́kọ́ ṣì lọ́nà.

Kò sí ohun tó gùn níbẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm, 50mm náà ni lórí kámẹ́rà yòówù. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ǹsì kọjá máa ń tàn róbótó sẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ sì wà láàárín róbótó yẹn bí ẹní tí a tẹ́ sáàárín yàrá. Ẹní ti full frame fẹ̀ tó 36mm, ó ga tó 24mm. DX, ìyẹn crop ti Nikon, kò ju nǹkan bíi 23.5mm sí 15.6mm lọ, ti Canon tún kéré sí i díẹ̀. Róbótó ò yí padà, ẹní ló kéré. Ohun tó bọ́ sórí ẹní ló ń di fọ́tò, ìyókù ṣòfò.

Mo gé fèrèsé méjì sára páálí bísíkíìtì fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Mo ní kí wọ́n nà án síwájú ojú, kí wọ́n fi wo igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì. Nínú èyí tó kéré, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ pòórá. Mo bi wọ́n pé ṣé igi ti wá súnmọ́ wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Agbádá yẹn náà ò bá a mu. Agbádá bàbá á máa wọ́ nílẹ̀, á gbé ọmọ ṣubú. Etí róbótó ni àwòrán ti sábà máa ń ṣú, tó ń rí bàìbàì, sẹ́ńsọ̀ kékeré kì í sì í débẹ̀. Télọ̀ tó gé aṣọ láti àárín, tó fi etí tó ti ń tú sílẹ̀, ló jọ. (Mi ò sọ pé fọ́tò rẹ̀ á wá dára ju ti full frame lọ o. Kí méjèèjì tó lè tó ara wọn lórí ògiri, a ó fẹ ti kékeré lójú jù, àléébù tó bá wà ní àárín á sì hàn.)

Ibi tí mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí ni ìdána kan nínú pálọ̀ kékeré n'Íbàdàn. Mo yá lẹ́ǹsì 24-70mm olówó gọbọi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, mo gbé e sórí crop tèmi. 24mm tí mo gbójú lé wá ń ríran bí 36mm. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo gun àga. Bí ìyàwó bá ti wọ inú fọ́tò, iṣu àti ike oyin á bọ́ síta. Ìyá ìyàwó ní, "Fọ́tò, àbí ẹrù wa ò wù ẹ́ ni?" Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, 70-200mm lórí kámẹ́rà kan náà, láti ìjókòó tó kẹ́yìn, mo rí omijé bàbá ìyàwó kedere. "Ìlọ́po gígùn" á sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì fún yín, kò ní sọ ti pálọ̀.

"Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́" ńkọ́? Kí ló kún? Fíìmù sinimá ni Oskar Barnack mú nílé iṣẹ́ Leitz ní Jámánì, ó sọ ojú àwòrán méjì rẹ̀ di ọ̀kan, ó di 24mm sí 36mm. Òun ni kámẹ́rà Leica tó jáde lọ́dún 1925 ń lò. Nǹkan tíntìnnín ni lójú àwọn ayàwòrán ìgbà náà. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é ní Kleinbild, àwòrán kékeré. Kámẹ́rà sì wà lónìí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44mm sí 33mm. Ṣé àkúnwọ́sílẹ̀ la ó máa pe ìyẹn?

Ti "agéwòrán" ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ohun tí kò dé orí ẹní, ta ló gé e? Bí ẹ bá wá gbé lẹ́ǹsì DX, tí wọ́n ṣe fún crop, sórí Nikon full frame, kámẹ́rà ńlá yẹn gan-an ló máa pa etí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tì fúnra rẹ̀. "Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́" di agéwòrán nìyẹn.

Mo fẹ́ dábàá "olójú-kékeré" tẹ́lẹ̀, àmọ́ lẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ojú kámẹ́rà, á dàrú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń sọ "ẹní kékeré" àti "ẹní ńlá" láàárín ara wọn, èmi náà ti ń bá wọn sọ ọ́. Ní ti nọ́ńbà yẹn, mo mú "ìsúnkì" wá, nítorí ohun tí a ń rí ló sún kì: "ìsúnkì 1.5". Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sẹ́nu wò bóyá ó bá yín lẹ́nu mu.