Kí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe kí a tó ta ilé bàbá wa?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa ọmọ ti fohùn ṣọ̀kan láti ta ilé bàbá wa ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ìwé ilẹ̀ pé, C of O (ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀) wà níbẹ̀. Ara ilé gan-an ló ń kọ mí lóminú: òjò ti ba àjà pálọ̀ jẹ́, ọ̀dà ń ṣí, "Ilé yìí kì í ṣe títà" tí bàbá kọ sára fẹ́ǹsì ṣì hàn ketekete.

Owó wa ò ká gbogbo ẹ̀. Lójú tèmi, ká dí òrùlé tó ń jò ká tó kun ọ̀dà, torí ọ̀dà tuntun lórí ògiri tútù kì í pẹ́ bó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kàn roko, ká fọlé, ká pe oníbàárà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti talé rí, èwo ni ká ṣe? Ṣé ká kó àwọn àga àtijọ́ kúrò náà?