Ẹ wá sọ tiyín: ìgbà tí ọwọ́ ti lọ kí "dúró" tó dé

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, owó tán lápò mi. Mo rí ìwé kan lára ògiri yunifásítì pé wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan, wọ́n á sì fún un lówó díẹ̀. Mo ní oúnjẹ dé.

Iṣẹ́ yẹn ò le lójú rárá. Ọfà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá kọjú sósì, o tẹ bọ́tìnnì òsì, bó bá kọjú sọ́tùn-ún, o tẹ tọ̀tún. Kíákíá ni o. Àmọ́ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ohùn kan á dún "bíìp" lẹ́yìn tí ọfà ti yọ. Bó o bá ti gbọ́ ọ, o ò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìka mi dójú tì mí. Mo gbọ́ "bíìp" ketekete, orí mi ń pariwo "dúró!", ìka ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bí mo bá sì rí ẹyọ kan dúró sí, èyí tó tẹ̀ lé e á tún le jù ú lọ. Mo wá ní kí n dọ́gbọ́n: bí ọfà bá yọ, mo á ṣe bí ẹni ń ronú díẹ̀, kí n lè gbọ́ bóyá ohùn yẹn ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà ní mo ń lọ́ra jù. Ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo èèyàn ló ń dá irú ọgbọ́n yẹn.

Nígbà tá a parí, ó ní bí ìdajì àwọn "bíìp" yẹn ni mo kùnà. Ojú tì mí. Ló bá ní bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn. Bó o bá dúró lóòótọ́, ẹ̀rọ á fi mílísẹ́kọ́ńdì 50 sún ohùn yẹn síwájú kó lè le fún ẹ. Bó o bá kùnà, á fi 50 fà á padà. (Mílísẹ́kọ́ńdì 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.) Ẹni tó yá, ẹni tó lọ́ra, ìdajì náà ni gbogbo wọn ń já sí.

Ibi tó jọ mí lójú jù nìyí. Bọ́tìnnì tó o tẹ̀ ní àkókò tí wọ́n lè kọ sílẹ̀. Èyí tó ò tẹ̀ ńkọ́? Ìdúró kì í ní ipasẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Gordon Logan àti William Cowan, ló wá ojútùú ẹ̀ ní 1984. Wọ́n ní ká wò ó bí ẹṣin méjì tó ń sáré: ọ̀kan gbé "tẹ̀ ẹ́", èkejì gbé "dúró", èkejì yìí ló sì pẹ́ gbéra. Bí ìgbà tí ọ̀kan ń borí bá ti bá tèkejì dọ́gba, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń débẹ̀ nígbà kan náà nìyẹn, ìṣirò dé. Ká ní o máa ń tẹ̀ ẹ́ ní mílísẹ́kọ́ńdì 450 lẹ́yìn ọfà, tí ohùn sì ń dún ní 220 lẹ́yìn ọfà, yọ 220 kúrò nínú 450, ìdúró rẹ gba 230. Ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tára wọn le máa ń lé díẹ̀ ní 200.

Ìyá Télọ̀

Ẹ̀yin lẹ ráyè tẹ bọ́tìnnì. Máṣíìnì oníná ni tèmi. Ọmọ iṣẹ́ mi nawọ́ kó yọ píìnì lábẹ́ aṣọ. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ o! Mo tiẹ̀ ti pariwo, ẹsẹ̀ mi ò kàn tíì kúrò lórí pẹ́dà máṣíìnì ni. Abẹ́rẹ́ gba èékánná kọjá. Títí dòní, bí mo bá rí àpá yẹn, ara mi máa ń gbọ̀n. Àbí ogbó ló ń dé?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru ogbó. Òótọ́ ni pé ìdúró máa ń yára sí i láti kékeré, tọ́jọ́ ogbó sì máa ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni 20 ọdún gan-an ò lè bá abẹ́rẹ́ oníná sáré. Kí "dúró" tó dé ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ á ti lọ, á ti bọ̀.

Ẹnu Ò Gbélé

Tèmi ẹnu ni o. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rí i pé ìyá ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi. Ṣé wọ́n lè wọn ìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Èdè

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Peter Ladefoged, tí àwa tá a kọ́ ìmọ̀ èdè mọ̀ bí ẹni mowó nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí ìró àwọn èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òun àtàwọn méjì kan gbé e jáde ní 1973. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lọ, àmì á dé, kó dákẹ́. Ti ìyá ìyàwó ò sí níbẹ̀ ṣá.

Màmá Ọmọ Mẹ́ta

Amẹ́ríkà ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ní ó ní ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fara balẹ̀ tàbí kó ara ẹ̀ níjàánu. Wọ́n fi eré ọfà yìí dán an wò. Dókítà ní àwọn ọmọ tó ní in sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ara wọn dá dúró, àmọ́ eré yẹn nìkan ò tó láti fi sọ pé ọmọ ní in, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dúró bí ẹgbẹ́ wọn.

Kí n tó gbọ́ gbogbo èyí, mo ti na ọmọ yẹn, mo ti bú u. Mo á ní "Má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn!", ó gbọ́, ó tún fọwọ́ kàn án. Mo ní ó ń fojú di mí ni. Lọ́jọ́ tá à ń ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀, ó ní, "Mọ́mì, mo máa ń gbọ́ yín o. Ọwọ́ mi ti lọ ni." Mo wakọ̀ délé láìsọ̀rọ̀.

Ìyá Télọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ tí mo sọ yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí. Àmọ́ tó bá wá kí mi, tó sì bá mi nídìí máṣíìnì, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ kó ọwọ́ méjèèjì sí kó tó kúnlẹ̀.