Omi háídrójìn tó gbòde kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bọ́ síbí

Ọmọ Ìpẹrú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, omi háídrójìn ni wọ́n ń polówó báyìí. Wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń mú àgbà padà di ọ̀dọ́. Ìgò oníbátìrì wà, hóró tí wọ́n ń jù sínú omi wà, ẹ̀rọ orí tábìlì náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn "ẹnì kan mu ún ní àdúgbò wa" dá wa lóhùn. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ gan-an la fẹ́ gbọ́.

Oníkẹ́místrì, Àgọ́-Ìwòyè
Háídrójìn tó wà nínú omi gbogbo ti so mọ́ ọ́ksíjìn, kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń tà. Afẹ́fẹ́ háídrójìn ni wọ́n ń fẹ́ wọ inú omi kó lè yòrò, bí gáàsì ṣe ń yòrò sínú mínírà. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò sì ládùn. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́, òun ló fúyẹ́ jù, ìdí nìyẹn tó fi ń sá lọ kíákíá.

Tí omi bá wà ní 25°C, tí kò sí ohun tó ń tẹ afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn, lítà kan kò lè gbà ju mílígíráàmù 1.6 lọ. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa lè tì í kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣí i, èyí tó lé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nínú ife tí kò ní ìdérí, ìdajì rẹ̀ ti lọ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Tí ẹ bá sè é, kò ní ṣẹ́ ku rárá.

Ike kò lè dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ò tiẹ̀ ṣeé sọ: háídrójìn ń gba ara rẹ̀ kọjá bí èéfín ṣe ń gba òrùlé ewéko. Àpò alumíníọ̀mù tàbí agolo tí wọ́n rọ kún dé ẹnu, tí afẹ́fẹ́ kankan ò sí lókè omi, ló lè gbé e dé ilé. Ẹni tó bá ń ta "omi háídrójìn" nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lójú oòrùn ní Òkè-Ajé, omi lásán ló ń tà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Mílígíráàmù 1.6 yẹn, tí ẹ bá kó o jọ bí afẹ́fẹ́, kò ju nǹkan bíi mílílítà 19 lọ, ṣíbí ìjẹun kan àti díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà, àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá á máa fi ṣúgà tí ikùn ò lè dà ṣe háídrójìn, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kódà àwọn dókítà máa ń wọn háídrójìn nínú èémí aláìsàn láti mọ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ṣíbí kan inú omi ló ń wo àìsàn sàn, kó kọ́kọ́ bá mi ṣàlàyé ẹ̀wà.

Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn
Àwọn onímọ̀ ní Tokyo ló mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná ní 2007. Wọ́n fi hàn pé háídrójìn dín ìbàjẹ́ kù nínú ọpọlọ eku tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n mímí ni àwọn eku yẹn mí in sínú, wọn ò mu ún. Àwọn tó ń polówó máa ń fo ibẹ̀ yẹn kọjá.

Ní 2008, ní Japan, wọ́n fún ènìyàn 36 ní mílílítà 900 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọgbọ̀n nínú wọn ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà àwọn mẹ́fà yòókù sì ti ń ga díẹ̀. Nínú àwọn mẹ́fà yẹn, àyẹ̀wò ṣúgà àwọn mẹ́rin padà sípò. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ènìyàn mẹ́fà péré ni! Ti àìsàn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ló kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n jù: ní 2013, ìdánwò kékeré tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 17 fi ìrètí hàn. Nígbà tí wọ́n wá ṣe èyí tó tóbi, tó gba ọ̀sẹ̀ 72, àwọn tó mu omi háídrójìn kò sàn ju àwọn tó mu omi lásán lọ.

Ní ti ààbò, n kò rí ohun tó yẹ ká bẹ̀rù nínú háídrójìn náà fúnra rẹ̀. Ní 2014, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kò tako fífi sínú ohun mímu. Ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń woni sàn. Bákan náà ni nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára omi kì í ṣe ìwé ẹ̀rí oògùn.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹni tó ti ń mu mínírà méjì lójúmọ́, tó wá fi omi yìí rọ́pò wọn, ṣúgà rẹ̀ á wálẹ̀, nítorí mínírà sẹ̀ǹtílítà 50 kan lè ní ṣúgà bíi gíráàmù 50. Omi kànga náà á ṣe é fún un. Ẹ má fi metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ mu ún, kí ẹ ṣáà máa lọ yẹ HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù bíi mẹ́ta sẹ́yìn hàn) wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Apòògùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti hóró kún un. Mágínísíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ní bíi mílígíráàmù 80 nínú hóró kan. Tó bá pàdé omi, á hó, háídrójìn á jáde, mágínísíọ̀mù á sì ṣẹ́ kù sínú omi tí ẹ ń mu. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ mu ún láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, torí kò ní lè yọ mágínísíọ̀mù náà dà nù bó ṣe yẹ. Tó bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru ló máa kọ́kọ́ fi hàn.

Mágínísíọ̀mù tún máa ń di ciprofloxacin àti tetracycline, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, mú nínú ikùn, oògùn náà ò ní wọ ara. Ẹ lo ciprofloxacin ní wákàtí méjì ṣáájú hóró yìí, tàbí kí ẹ dúró di wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn gẹ̀gẹ̀, levothyroxine, wákàtí mẹ́rin ni kó wà láàárín wọn. Ẹ má sì gbé hóró náà mì lódidi. Inú omi ló ti yẹ kó yọ́ tán.

Ẹlẹ́rọ, Ṣàgámù
Ìgò oníbátìrì, oríṣi méjì ni. Èyí tó rọ̀jù ní páànù méjì lásán nínú omi. Iná á pín omi, háídrójìn á jáde ní apá kan, ọ́ksíjìn ní apá kejì, gbogbo rẹ̀ á wà nínú omi kan náà. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi yẹn, kilorín náà á jáde. Tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ gbọ́ òórùn bíi ti Jik, ẹ dà á nù. Èyí tó dára ní awọ fẹ́lẹ́ kan láàárín (PEM ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀), tó ń darí ọ́ksíjìn àti kilorín gba ihò abẹ́ jáde. Ẹ má dí ihò yẹn, ẹ má sì gbé ìgò náà lé orí aṣọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Awọ yẹn ni ọkàn rẹ̀. Tó bá gbẹ, ó bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò bí ẹ ò bá lò ó. Ẹ má da zobo, mílíìkì tàbí mínírà sí i. Òkúta ẹfun wà nínú ilẹ̀ Ṣàgámù; bí kẹ́tùlù yín bá ń ní èèpá funfun, páànù inú ìgò náà ń ní in, afẹ́fẹ́ á sì máa dínkù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtan iná, kí ẹ wá ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní ti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ńlá, ẹ ṣọ́ irin méjì oníná tí wọ́n máa ń kì bọ omi. Wọ́n á kì í bọ omi yín, á di pupa rúsúrúsú bí omi ìpẹtà. Wọ́n á kì í bọ omi tiwọn, á mọ́ kedere. "Ẹ wo ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ń mu!" Irọ́ ni. Irin fúnra rẹ̀ ló ń jẹrà sínú omi. Omi tiwọn ni wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò, iná ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, irin ò sì lè jẹrà. Ẹ rọra bu iyọ̀ díẹ̀ sí tiwọn kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Á pupa ju tiyín lọ.

Omi tó ń yí àwọ̀ sí àlùkò nígbà tí wọ́n bá kán nǹkan sí i kò fi háídrójìn hàn. Kaun díẹ̀ nínú omi ẹ̀rọ á ṣe bẹ́ẹ̀. Mítà TDS, tó ń wọn iyọ̀ àti èròjà tó yòrò sínú omi, náà ò rí háídrójìn. Ohun tó rí i ni aró olómi methylene blue tó ní platinum nínú: ẹ wọn omi mílílítà 6, ẹ máa kán an lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ máa ro ó jẹ́jẹ́. Bí búlúù bá ń parẹ́, háídrójìn wà. Ẹ máa kà á títí àwọ̀ náà á fi kọ̀ tí kò lọ mọ́. Ẹ̀kán kan dúró fún mílígíráàmù 0.1 nínú lítà. Mẹ́rìndínlógún ti dára gan-an. Mẹ́ta, ẹ gba owó yín padà. Ẹ má dán an wò nínú omi ọsàn, torí fítámì C náà lè pa búlúù yẹn rẹ́.

Ọmọ Ìpẹrú
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé wọ́n lè fi rẹ gààrí?

Oníkẹ́místrì, Àgọ́-Ìwòyè
Ọmọ Ìjẹ̀bú! Gààrí ni kò ní jẹ́ kó dúró. Ara rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka ni afẹ́fẹ́ máa gbára lé láti di èéhó, kí ẹ tó ro ó, kí ẹ tó da ẹ̀pà sí i, háídrójìn ti lọ. Ẹ mu omi náà lọ́tọ̀ ní kété tí ìgò bá parí iṣẹ́, kí ẹ wá fi omi tútù lásán rẹ gààrí yín.