Fọ́tò Awolowo Hall àtijọ́: ìdáhùn rèé, mo fẹ́ ti ìbéèrè yìí pa

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo béèrè ni bóyá déètì aláwọ̀ ọsàn tó wà ní igun àwọn fọ́tò ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè fi yé wa èyí tí wọ́n yà ṣáájú 10 oṣù Keje 1999, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ 5 ní OAU, yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika wà lára wọn.

Déètì yẹn nìkan ò tó. Bí bátìrì kámẹ́rà bá kú, déètì inú rẹ̀ á dàrú. "7 10 99" pàápàá lè jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Keje, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá. Bí ẹni tó ni kámẹ́rà bá ṣe tò ó ni. Nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi tẹ fọ́tò, ló dájú jù: nọ́ńbà etí rẹ̀ ń sọ àwòrán tó ṣáájú, ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ o!

Ẹ fi 600 dpi (iye tóótòò àwòrán nínú íńṣì kan) ṣe síkáànù fọ́tò, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí TIFF, irú fáìlì tí kì í ba àwòrán jẹ́. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá álúbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á, àwọ̀ ojú rẹ̀ á bó. Ẹ síkáànù rẹ̀ tọ̀rátọ̀rá. Lórí WhatsApp, "document" ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp máa ń fún un pọ̀. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ ẹ̀yìn rẹ̀, bírò máa ń yọ síwájú.